Kí A Tó Ra Oògùn Oorun

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ọmọ Ẹgbẹ́ bá àwọn aṣojú sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ wa

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti èlé owó tàbí ti pínpín èrè. Ọ̀rọ̀ oorun ni. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tó ń sùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ka igi àjà láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ mọ̀ pé kò kéré rárá.

Ohun tó mú wa sọ ọ́ rèé. Ọ̀kan nínú àwa ìgbìmọ̀ yìí kò rí oorun sùn fún bí oṣù mẹ́ta. Ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Ó ra Valium ní kẹ́míìsì láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí ìyẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ra gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ lọ́jà, ó sè é, ó ń mu ún mọ́ ọn. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó dìde láti lọ tọ̀, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú sí ẹnu ọ̀nà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó wà láàrin wa níhìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a sọ ọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àwọn oògùn wọ̀nyí yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe ewé yẹpẹrẹ. Àwọn baba wa ti ń fi í tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú láti ìgbà pípẹ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ oògùn Ciba ní Switzerland yọ èròjà tó ń jẹ́ reserpine láti inú gbòǹgbò igi kan ní Íńdíà, tí ó jẹ́ ẹbí asofẹ́yẹjẹ. Èròjà yìí wà nínú tiwa náà. Ó ń mú ara rọ̀, ó sì ń fa ìfúnpá wálẹ̀. Ó tún lè mú kí ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá ń mu ún pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti lo oògùn méjì fún iṣẹ́ kan náà, kò sì mọ ìwọ̀n ọ̀kan nínú wọn. Pé nǹkan ti inú igbó wá kò sọ pé kò léwu.

Valium àti Lexotan ńkọ́? Òfin ní kí dókítà kọ wọ́n fúnni kí a tó rà wọ́n. Wọ́n ń mú oorun wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara lè di ẹrú wọn. Bí a bá fi ọtí lé e, tàbí oògùn ikọ́ tó ní codeine, èémí lè dá lójú oorun. Àkóbá tí codeine ń ṣe ló mú kí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní in àti kíkó o wọlé ní 2018. Ẹni tó bá ti ń lo Valium láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kí ó lọ bá dókítà kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Piriton ni ọ̀pọ̀ wa tún ń lò. A mọ̀ ọ́n láti ayé ìgbà tí a ń mu chloroquine tí gbogbo ara ń yún wa. Oògùn ara yíyún ni, oorun tó ń mú wá kàn jẹ́ àbámọ́ rẹ̀ ni. Kì í pẹ́ tí ara fi ń mọ́ ọn. Ó lè da iyè àgbàlagbà rú, ó lè gbé e ṣubú, ó sì lè sé ìtọ̀ mọ́ àwọn bàbá nínú.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà a máa fi melatonin ránṣẹ́ sílé. Ohun tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń tà á bíi bisikíìtì. Ní ìlú Ọba, dókítà ló ń kọ ọ́. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Kánádà yẹ oríṣi 31 wò, wọ́n sì rí i pé iye tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù kò bá iye tí wọ́n kọ sára ìgò mu.

Ewé tíì, tí àwọn mìíràn ń pè ní koóko ọba, kò ní ewu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Bùràsíìlì dán an wò lára èèyàn, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986, wọn kò rí i pé ó ń mú oorun wá. Ẹ mu ún bí adùn rẹ̀ bá wù yín.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ohun tó lé oorun lọ. Obì àbàtà àti gbànja ní kafíìnì nínú bíi kọfí. Lẹ́yìn bí wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára. Ẹni tó bá jẹ obì nípàdé ìrọ̀lẹ́, kí ó má bi àjẹ́ léèrè oorun rẹ̀ lóru. Ọtí a máa kunni, ṣùgbọ́n a tún máa jíni láàrin òru.

Èkejì, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ bá àìsùn jà. Ní 1972, Richard Bootzin ní Amẹ́ríkà kọ nípa ọ̀nà yìí: bí oorun kò bá tètè wá, dìde, jókòó síbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ jù, kí o má padà sórí bẹ́ẹ̀dì àfi tí oorun bá ń kùn ọ́. Aago kan náà ni kí o máa jí lójoojúmọ́, bí oorun àná bá dùn, bí kò dùn. Má sì sùn lọ́sàn-án títí. Irú ìtọ́jú yìí, tí kò ní oògùn nínú, ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ńlá kan ní Amẹ́ríkà ní kí a kọ́kọ́ lò, ní 2016. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan; ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹni tó bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá, ẹni tó ń dìde tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹni tí ìbànújẹ́ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ.

Ẹ̀kẹta ló kàn wá jù. Nígbà tí a jókòó ti ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí, a rí i pé kì í ṣe oorun ló ń ṣe é. Ó ṣe oníduúró fún ọ̀rẹ́ kan, ọ̀rẹ́ náà sá kúrò nílùú, gbèsè sì kù sí i lọ́rùn. Ojú ń tì í láti sọ fún wa, òun tó wà nínú ìgbìmọ̀. Ó náwó sórí oògùn oṣù mẹ́ta, kò sì sí èyí tó lè san gbèsè. Nígbà tó sọ ọ́ tán, a fa ọjọ́ owó náà gùn, àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì lọ bá ẹbí ọ̀rẹ́ náà. Kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé òun ló ń jí i báyìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣojú, ẹ bá wa dé ilé sọ ọ́: ẹni tí gbèsè ẹgbẹ́ bá ń gba oorun lójú rẹ̀, kí ó wá bá àwọn olóyè ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ sí kẹ́míìsì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá ẹrù gbé lóru.

 Oorun ayọ̀ ni a ó máa sùn.