Kí Ẹ Tó Lẹ Fọ́tò Màmá Yín Mọ́ Ìwé

Bí ẹ bá wà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ẹ fi earpiece sétí, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí pé mo ní mo wọ ìdíje kan: ojú ìwé kan ṣoṣo, íǹṣì 12 ní gígùn, 12 ní ìbú, ká fi fọ́tò ẹbí ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ láàárín ọjọ́ 7. Mo ní àjákù àǹkárá, mo ní gọ́ọ̀mù, mo ní sísọ́ọ̀sì. Kí ló kù?

Fọ́tò ló kù! Inú fóònù mi, èmi nìkan ló kún ibẹ̀. Mo bá gba ilé Màámi lọ n'Íbàdàn.

Álíbọ́ọ̀mù wọn, irú èyí tó ní gọ́ọ̀mù lójú ìwé tí wọ́n fi ọ̀rá bò ni. Bí mo ṣe fa fọ́tò àkọ́kọ́, igun rẹ̀ ya. Màámi ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Rọra. Fọ́tò bàbá mi kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn." Àyà mi já.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́. Ẹ má fa fọ́tò tó ti lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù yà á níbi tó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ má tan flash. Lẹ́yìn náà, ẹ ki òwú tí wọ́n fi ń yọ nǹkan láàárín eyín bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀dà ni kí ẹ gé, ẹ̀dà ni kí ẹ lẹ̀. Ẹ tọ́jú ojúlówó sínú bébà tí kò ní ásíìdì, torí ásíìdì máa ń jẹ́ kí fọ́tò pọ́n kó sì ṣá. Ẹ má fi báírò kọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó lè yọ sójú. Pẹ́ńsù rírọ̀ ló dáa.

Fọ́tò kan wá wà níbẹ̀, èèyàn 11 nínú aṣọ ẹbí. Màámi mọ 4. A gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, tí ìgbàgbé ti ń bá jà. Mo tan fóònù, mo ń gbà á sílẹ̀. Ìyá dárúkọ èèyàn 5, wọ́n tún ń ki wọ́n ní oríkì! Wọ́n wá fọwọ́ kan obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n. "Èyí..." Wọ́n dákẹ́. Orúkọ ò wá.

Mo fi ẹ̀dà fọ́tò yẹn sáàárín ìwé, mo fi àǹkárá yí i ká, mo kọ orúkọ 9 sábẹ́ rẹ̀. Mo fàlà sílẹ̀ fún àwọn 2 tó kù. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi òdòdó bo àlà yẹn, kó lè rẹwà. Mo ní rárá o.

Mi ò gba ipò kankan. Ṣùgbọ́n mo fi í sórí WhatsApp ẹbí, bọ̀dá wa kan ní Lọ́ndọ̀nù sì fi ohùn ránṣẹ́: "Ìyá mi nìyẹn! Èmi ló pọ̀n!"

Ó ku ẹyọ kan.

Ẹ̀yin náà, lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú fọ́tò kan tọ àgbà kan lọ. Ẹ béèrè orúkọ, ẹ gbà á sílẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.