Ohun Tí A Fi Owó Wa Rà, Ta Ni Ó Ni Ín?



Bí ènìyàn bá ra kẹ̀kẹ́ lọ́jà, tí ó san owó rẹ̀ pé, ta ni yóò gbà kí ẹni tí ó tà á padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án láti gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ? Olè ni gbogbo ìlú yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ayé kọ̀ǹpútà àti fóònù tí a wà yìí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, láìsí ẹni tí ń ké olè.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé eré kọ̀ǹpútà kan jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Crew. Eré ìdíje mọ́tò ni. Àwọn ènìyàn fi owó rà á. Ṣùgbọ́n eré náà kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ̀rọ ẹni tí ó rà á bá kọ́kọ́ bá kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣe é nínú yàrá rẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí ń dá àwọn ẹ̀rọ mìíràn lóhùn tọ̀sán-tòru, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sáfà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà pa àwọn sáfà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, eré tí àwọn ènìyàn ti san owó rẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ará Amẹ́ríkà kan tí ń gbé ní ilẹ̀ Póláńdì, Ross Scott, kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2024 kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tí a ń pè ní Stop Killing Games. Nígbà tí ó fi di oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ará Yúróòpù tí ó ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Wọn kò sọ pé kí ilé-iṣẹ́ máa náwó lórí eré títí ayé. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dẹ́kun ìtọ́jú eré kan, kí ó fi í sílẹ̀ ní ipò tí àwọn tí ó rà á yóò fi lè máa ṣe é fúnra wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń dáhùn pé sáfà ń gba owó àti òṣìṣẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ọjà tí òun ń tà kì í ṣe títà pátápátá, kí ó sọ ọ́ kí ó tó gba owó. Ìdí nìyí tí ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fi ṣe òfin, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025, pé kí àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àṣẹ ìlò ni ó ń rà, kì í ṣe ohun náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí eré. Ní ọdún 2009, Amazon yọ ìwé méjì tí George Orwell kọ kúrò nínú ẹ̀rọ ìkàwé àwọn tí ó ti rà wọ́n, nítorí pé ẹni tí ó kó wọn wá tà kò ní àṣẹ. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ní ọdún 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwé tí àwọn ènìyàn ti rà níbẹ̀ sì pòórá. Wọ́n dá owó padà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ kí a wọ inú àpótí ìwé òun láìkàn ilẹ̀kùn?

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kan àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò tí kì í ṣe eré kọ̀ǹpútà? Ó kàn án púpọ̀. Àwòrán ìgbéyàwó, ohùn bàbá àgbà tí ń ki oríkì ìdílé, ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: lórí sáfà àwọn ẹlòmíràn ni púpọ̀ nínú wọn wà lónìí. Ní ọdún 2019, MySpace jẹ́wọ́ pé orin àti àwòrán tí àwọn ènìyàn ti kó sọ́dọ̀ òun ṣáájú ọdún 2016 ti sọnù nígbà tí òun ń kó wọn láti sáfà kan sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ olórin kò ní ẹ̀dà mìíràn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó yẹ inú wọn wò, kí ó sì tún wọn ṣe. Láti ọdún 1983 ni Richard Stallman ti ń jà fún irú wọn. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, gbé Linux jáde. Lórí Linux ni a lè gbé Nextcloud lé, kí ó máa tọ́jú ìwé àti àwòrán nínú ilé olówó rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe eré Minecraft pẹ̀lú ń fún àwọn ènìyàn ní ètò sáfà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, tí ó jáde ní ọdún 2012, tí kò tóbi ju káàdì báńkì lọ púpọ̀, tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ náà kò ní wàhálà. Iná mànàmáná lè lọ, olè lè gbé ẹ̀rọ, iná lè jó ilé. Ẹni tí ó ń ṣe sáfà tirẹ̀ ni ọlọ́dẹ ara rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń gbani níyànjú pé kí ohun tí ó bá ṣe pàtàkì ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìtọ́jú méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ibòmíràn.

Ẹni tí kò lè ṣe sáfà lè ṣe èyí: kí ó da ohùn bàbá rẹ̀ kọ sórí ohun ìtọ́jú kékeré kan, kí ó fi pamọ́ sílé, kí ó sì fún ọmọ ìyá rẹ̀ ní ẹ̀dà kan. Kí ẹni tí ń ra eré tàbí ìwé fún ọmọ rẹ̀ sì kọ́kọ́ béèrè pé: bí ẹni tí ń tà á bá ti ilé-ìtajà rẹ̀ lọ́la, kí ni yóò kù sí ọmọ náà lọ́wọ́?