Àwọn Ọmọ Ọ̀rọ̀-Ìṣe nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì



Púpọ̀ nínú wa ni ó kọ́ ní ilé-ìwé pé ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ni ó wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì lè kà wọ́n lórí láìṣì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ orúkọ irinṣẹ́ káfíńtà kò tí ì di káfíńtà. Kì í ṣe ìrísí ọ̀rọ̀ ni ó ń fi ìsọ̀rí rẹ̀ hàn, bí kò ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú gbólóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọkùnrin kan ti fi ọtí sílẹ̀ pátápátá, ó sì ń wá iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀rí fún un pé, “He stopped to drink.” Ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ ni pé, ó dẹ́kun láti máa mu ọtí; ó sì rò pé níbi gbogbo tí “láti” bá wà, “to” ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá yóò kà ni pé, ó dúró kí ó lè mu ọtí! Ẹ̀rí rere di ẹ̀sùn. “He stopped drinking” ni ó yẹ kí ó kọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì a máa bí ọmọ mẹ́ta, tí wọ́n jọ ọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èkíní ni infinitive, bíi “to drink”. Nínú ìwé ẹ̀rí yẹn, ìdí tí ọkùnrin náà fi dúró ni ó ń sọ. Èkejì ni gerund, ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Òun ni “drinking” tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni participle, tí ń ṣe àpèjúwe, bíi “a written letter”. Kò sí èyí tí ó lè dá gbólóhùn dúró nínú wọn: ẹni tí ó bá wí pé “The man drinking” kò tí ì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ń dí wa lójú ni pé gerund àti participle a máa wọ aṣọ kan náà. Ẹ gbé “drinking water” sí ẹ̀gbẹ́ “a drinking man”. Ọkùnrin ni ó ń mu. Omi kò mu nǹkan kan. Níhìn-ín, mo rò pé èdè Yorùbá ṣe wá lóore ju bí a ti mọ̀ lọ, nítorí “omi mímu” ni àwa ń wí, a sì ń wí pé “ọkùnrin tí ń mu ọtí”. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí Yorùbá, ìyàtọ̀ yóò hàn. Samuel Ajayi Crowther, tí ó tẹ gírámà Yorùbá jáde ní London ní 1852, ti fi hàn pé èdè wa ní òfin tirẹ̀. Kò yẹ kí a máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí kò ní èdè tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe kan kù tí n kò lè fò. “Walking to church, the rain fell on me.” Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. Ta ni ó ń rìn? Ẹni tí a bá dárúkọ tẹ̀lé e ni participle ń lẹ̀ mọ́. Nítorí náà òjò ni ó ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì! Kí a wí pé, “Walking to church, I was caught in the rain”. Nígbà náà, èmi ni mo ń rìn, òjò sì ń rọ̀.