Wákàtí Kan ní Odò Matan Fada

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti etí ọ̀sà, ní Abígi, ní Ìbíadé, ní Ìwòpin àti Màkún-Omi, Ìjẹ̀bú ọmọ Aláre, ẹ tẹ́tí sí mi. Ìtàn ẹja ni mo gbé wá lónìí. Ẹja tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí ìyá wa ń fọ́ sínú ìkọ́kọrẹ́. Ẹja tí ó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́rin ni ó pawọ́ pọ̀ gbé e dé orí òṣùwọ̀n ni. Ọdún 2005 ni èyí ṣẹlẹ̀, ní ìlú Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, lókè Ọya lọ́hùn-ún, kílógíráàmù 75 sì ni ẹja ọ̀hún wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹni tí ó ń ro ọkà lọ́wọ́ lè gbọ́ ọ dáadáa: kílógíráàmù 75! Bí a bá gbé odidi àpò sìmẹ́ǹtì kan kalẹ̀, tí a sì gbé ìdajì àpò mìíràn lé e, ìwúwo ẹja kan ṣoṣo nìyẹn.

Kí a tó dé etí odò, ogun ni kí a kọ́kọ́ là kọjá, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé láti ilé-ìwé ni ẹ ti gbọ́ nípa Usman dan Fodio, ẹni tí ó dá ìjọba Sókótó sílẹ̀. Ní 1804 ni ogun ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀. Ní 1805, Birnin Kebbi bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn ará Kebbi, ìran Kanta ọba wọn àtijọ́, kọ̀, wọn kò túúbá. Argungu di odi wọn, ọ̀tá sì ni Kebbi àti Sókótó ń bá ara wọn ṣe títí òyìnbó fi dé. Bàbá jà á, ọmọ jà á, ọmọ-ọmọ bá a nílẹ̀. Àwọn àgbà wa sì wí pé ìjà kò dọlà, orúkọ ni í sọ ni.

Ó wá di ọdún 1934. Sultan Hassan dan Mu'azu, ọba Sókótó, dìde láti ìlú rẹ̀, ó sì wá sí Argungu ní àlejò. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ni ẹni tí ó ti ń ti ẹnu odi bá èèyàn jagun láti ayé baba ńlá rẹ̀ yóò gbé kalẹ̀ fún ẹni náà, lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ tí ó ní òun wá kí i? Nígbà tí a parí ogun Kírìjì ní ilẹ̀ tiwa, ní 1886, ìwé àdéhùn ni a kọ, tí àwọn ọba, títí kan Awùjalẹ̀ wa, sì fi ọwọ́ sí. Ní Argungu, odò ni wọ́n ṣí. Wọ́n ní kí àwọn apẹja wọ inú omi, kí àlejò jókòó, kí ó wòran, kí ó rí irú ọrọ̀ tí ó wà nínú ibú àwọn. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, n kò sì fi ọ̀rọ̀ náà bò: ìwé àdéhùn ṣe é fà ya, ṣùgbọ́n ọ̀tá méjì tí wọ́n bá ti jọ ké “háà!” pa pọ̀ nítorí ẹja kan náà, ó ti le kí wọ́n tó tún gbé idà. Láti ọdún náà ni a ti ń ka àjọ̀dún Argungu.

Ẹ wá jẹ́ kí á dé etí odò. Matan Fada ni orúkọ rẹ̀. Nígbà òjò, omi a kún, a bo pápá mọ́lẹ̀, ẹja a sì tàn ká inú àkúnya náà, wọn a jẹ, wọn a yé, wọn a bí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ọyẹ́ gbẹ ilẹ̀, omi a fà padà, kékeré àti ńlá wọn a sì kóra jọ sínú ibú tí ó kù. Bí ó ti rí ní gbogbo odò nìyẹn. Ohun tí ó ya Matan Fada sọ́tọ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n sí i láti ìparí àjọ̀dún kan títí di òmíràn. Ó ní olórí tí ń ṣọ́ ọ, Sarkin Ruwa ni oyè rẹ̀, ìdílé rẹ̀ ni ó ń mójú tó ìmọ́tótó omi náà. Homa sì ni olórí àwọn apẹja. Ẹja a máa dàgbà ní ibi tí a kò bá ti dà á láàmú, nítorí náà ni ẹja tí wọ́n ń pè ní giwan ruwa, ọba inú ibú, abìpẹ́-fàdákà, ajẹ-ẹja-ẹgbẹ́-rẹ̀-má-yó, fi ń di ẹrù ọkùnrin mẹ́rin.

Odò tí ó ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ yìí mú mi rántí àwọn apẹja Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ bi wọ́n léèrè, wọn yóò sọ fún yín pé nígbà òtútù, tí yìnyín ti sọ koríko di funfun, ẹ óò rí ọkùnrin kan tí ó dá dúró sí etí adágún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ó ń fi ọ̀pá gígùn ju okùn sínú omi, tí ó ń fà á padà, tí ó tún ń jù ú. Ẹja trout ni ó ń wá. Ìwọ̀ rẹ̀ kò ní ekòló lẹ́nu. Òwú àti ìyẹ́ ẹyẹ ni ó wé mọ́ ọn títí tí ó fi jọ kòkòrò. Ní Blagdon, lẹ́bàá ìlú Bristol, ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè omi fún ìlú náà dí odò kan, ó di adágún, wọ́n kó ọmọ trout sínú rẹ̀, ní 1904 wọ́n sì ṣí i fún àwọn apẹja. Láti ìgbà náà ni irú adágún bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ káàkiri ilẹ̀ wọn. Òfin ni pé kí á fi trout tí ó jẹ́ ìbílẹ̀ wọn sílẹ̀ nígbà òtútù, nítorí pé ìgbà náà ni ó ń yé; ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí wọ́n mú wá láti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, òun ni wọ́n ń sìn tí wọ́n sì ń dà sínú adágún, tí èèyàn fi ń rí ẹja ńlá pa nínú òtútù. Òtútù sì tẹ́ ẹja náà lọ́rùn, nítorí pé omi tútù a máa gba atẹ́gùn sínú ju omi gbígbóná lọ. Àwọn kan ń pe èyí ní eré àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó bá lè dúró nínú òtútù bẹ́ẹ̀ nítorí ẹja kan, tí ó sì sanwó kí á tó jẹ́ kí ó dúró níbẹ̀, ó mọ̀ pé omi ní olówó, ó sì mọ̀ pé ẹja kì í wá láti òfìfo. Ẹ wá wo àwọn ará Argungu. Òjò ni ó ń bá wọn kó ẹja wá. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n ká kò.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí etí odò wa, ọjọ́ ti pé, oòrùn ti là. Àwọn apẹja ti tò sórí iyanrìn lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, ìhòòhò dé ìbàdí, akèrègbè ńlá kan àti àwọ̀n ọwọ́ méjì ni irinṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn. N óò dúró díẹ̀ lórí irinṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí pé ọgbọ́n inú wọn wù mí. Akèrègbè náà ṣe rọ̀gbọ̀dọ̀, wọ́n ti ha inú rẹ̀ mọ́ fónífóní, wọ́n sì dá ihò sí i lórí. Apẹja a gbé àyà lé e, a léfòó, kò ní rì. Ẹja tí ó bá sì mú, ihò yẹn ni ó ń tì í wọ̀. Ní ti àwọ̀n, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n ta okùn àwọ̀n sí láàárín. Ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, a tẹ̀ wọ́n bọ inú omi dúdú níbi tí ojú kò ríran dé, bí ohunkóhun bá sì ti fi ara kan ọwọ́ rẹ̀, a pa méjèèjì dé pàá! Òmíràn kò tilẹ̀ mú àwọ̀n dání rárá, ọwọ́ lásán ni ó gbójú lé.

Ìbọn dún. Gbogbo wọn bẹ́ lulẹ̀ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, odò Matan Fada tí ó ti dákẹ́ látọdúnmọ́dún sì hó yaya, omi ta sókè, orí èèyàn àti akèrègbè bo ojú odò débi pé ojú kò rí omi mọ́. Wákàtí kan ni wọ́n ní. Wákàtí kan péré! Nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn onílù ń lù kíkankíkan, àwọn kan ń mi akèrègbè tí a kó irúgbìn sí nínú, kí ariwo náà lè lé ẹja kúrò ní abẹ́ koríko àti inú kọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rí ńlá mú kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ńlá kì í gba ẹ̀rù. A ó so ó mọ́ ara, a ó fi èjìká tì í, a ó wọ́ ọ dé èbúté, àwọn ará ìlú rẹ̀ yóò sì ti máa kígbe orúkọ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ gbígbẹ. Ní 2020, nígbà tí wọ́n tún àjọ̀dún náà ṣe lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí àìsí ààbò ti dá a dúró, ẹja tí ó gba ipò kìíní wọ̀n kílógíráàmù 78, mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà sì ni wọ́n fi dá apẹja náà lọ́lá. Láti 2016 ni UNESCO ti kọ àjọ̀dún náà mọ́ àwọn ogún ìran ènìyàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe é: eré ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìdíje ìwẹ̀ odò wà níbẹ̀, wọ́n tún ń fi ọwọ́ mú pẹ́pẹ́yẹ igbó lójú omi, èyí tí mo rò pé ó le ju ẹja lọ.

Ẹ má ṣe wí pé ti Hausa nìkan nìyí. Ní Òṣogbo, Láróòyè ọba tẹ́wọ́ gba ẹja lọ́wọ́ odò, oyè Àtáọ́jà sì ti ibẹ̀ jáde; títí di òní olónìí, èèwọ̀ ni kí á pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Odò Ọ̀ṣun yìí kan náà ni ó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, tí ó sì ń tú sínú ọ̀sà Lẹ́kí, lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yin ará etí omi. Omi kan náà ni. Èèwọ̀ náà ni kò bá omi ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń fi àwọ̀n olójú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kó ọmọ ọ̀bọ̀kún tí kò tíì gùn tó ìka, àwọn aláìláàánú kan ń da gàmálìnì sínú omi, tí àrọ̀ àti epìyà ń fi ń yọ inú síta, tí àwọn ọmọ tí yóò jẹ ẹ́ náà kò sì mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Láti 1984 tí koríko omi ti gba ọ̀nà Pọtonóvò wọlé, ó ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Òun ni gbogbo ènìyàn ń pariwo lé lórí, a kò pariwo lé ọwọ́ ara wa tí ó wà nínú omi. Ó ń dùn mí, mo sì ń sọ ọ́ bí ó ti ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ dàgbà sí etí ọ̀sà, iṣẹ́ kan ni mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi ṣe. Bí ibú kan bá wà, tàbí ẹ̀ka omi kan, tí àwọn baba yín kì í jẹ́ kí á pẹja nínú rẹ̀, tàbí tí ó ní ọjọ́ tí a kì í wọ̀ ọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ẹ kọ ọjọ́ tí a ń tì í àti ọjọ́ tí a ń ṣí i, kí ẹ sì sọ ìdílé tí ó ń ṣọ́ ọ. N óò kà wọ́n lórí afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tí ó ń bọ̀, n óò sì kó ìwé náà lé àwọn ọba etí omi lọ́wọ́.