Ìwọ̀n, Ọwọ́ àti Òfin: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Kọ́ Oníṣẹ́ Awò Ojú ní Abidjan

Ìfáárà

Kókó tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró lé ni pé ìwé tí dókítà ojú kọ fún ènìyàn kò tíì di ìríran, àfi ìgbà tí ọwọ́ oníṣẹ́ awò ojú bá sọ ọ́ di awò tí ó bá ojú ẹni náà mu dé orí mìlímítà. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí láìní yàrá iṣẹ́ tí ó pé, àti ìlú tí ó bá gbà kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ máa gé awò fún aráàlú, ń fi ojú àwọn ènìyàn wọn wewu. Oníṣẹ́ awò ojú, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní opticien ní èdè Faransé, ni ẹni tí ó ń ka ìwé dókítà, tí ó ń wọn ojú, tí ó ń gé dígí, tí ó ń fi í sínú férémù, tí ó sì ń tún férémù náà ṣe títí yóò fi jókòó dáadáa lójú ẹni tí ó ni ín. Ó yàtọ̀ sí dókítà ojú, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kí ó tó dojú kọ ìmọ̀ nípa ojú, tí ó lè fúnni lóògùn, tí ó sì lè ṣiṣẹ́ abẹ. Ó tún yàtọ̀ sí onímọ̀ ìwọ̀n ìríran, ẹni tí ó kọ́ bí a ṣe ń yẹ ojú wò láti mọ irú dígí tí ó nílò àti iye agbára rẹ̀.

Bí àìní náà ṣe pọ̀ tó

Nínú ìròyìn lórí ìríran tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019, wọ́n fi hàn pé, ó kéré tán, bílíọ̀nù 2.2 ènìyàn ni ìríran wọn kò pé, àti pé bílíọ̀nù 1 nínú wọn, ó kéré tán, ni ìṣòro wọn jẹ́ èyí tí à bá ti dènà tàbí tí à bá ti tọ́jú. Mílíọ̀nù 826 nínú bílíọ̀nù kan náà ni àwọn tí ọjọ́ orí ti gba ìríran ìtòsí lọ́wọ́ wọn, tí wọn kò sì rí awò tí yóò dá a padà fún wọn. Àìríran ìtòsí yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún, nígbà tí dígí àdámọ́ tí ó wà nínú ẹyinjú bá ti ń le, tí kò sì lè tẹ̀ mọ́ bí ó ṣe máa ń tẹ̀ nígbà èwe láti wo ohun tí ó wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá Abidjan gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn wọ̀nyí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti fìdí múlẹ̀ láti ìran dé ìran nídìí òwò ní ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni òwò, aṣọ rírán àti ìṣirò owó kì í ṣe iṣẹ́ tí a lè fi ojú bàìbàì ṣe. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 láàárín àwọn tí ó ń já ewé tíì ní Assam, ní ilẹ̀ Índíà, tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, fi hàn pé àwọn tí a fún ní awò ìtòsí já ewé ju àwọn tí a kò fún lọ ní nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí awò lásán bá lè ṣe èyí fún ẹni tí ó ń já ewé, kò ṣòro láti mọ ohun tí ó lè ṣe fún aránṣọ tí ó ń wá ihò abẹ́rẹ́. Ní ọdún 2021, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò pé kí ìpín àwọn tí ó ní awò tí ó bá ojú wọn mu fi 40 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè kí ó tó di ọdún 2030, nígbà tí ó sì di ọdún 2024, Àjọ náà dá ètò SPECS 2030 sílẹ̀, èyí tí ọ̀kan nínú òpó márùn-ún tí ó gbé e ró jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ yanjú.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ni ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ti ẹ̀yà ara ojú. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ohun tí ń jẹ́ dioptrie, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára dígí tí dókítà ojú ará Faransé kan, Ferdinand Monoyer, dábàá ní ọdún 1872: dígí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 ń kó ìmọ́lẹ̀ tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn jọ sí ojú kan ní ìwọ̀n mítà kan, èyí tí ó jẹ́ 2 ń kó o jọ ní ìdajì mítà, èyí tí ó sì jẹ́ 4 ń kó o jọ ní sẹ̀ǹtímítà 25. Àmì àròpọ̀ wà fún dígí tí àárín rẹ̀ nípọn, èyí tí a ń lò fún àìríran ìtòsí, àmì àyọkúrò sì wà fún èyí tí etí rẹ̀ nípọn, tí a ń lò fún àìríran ọ̀kánkán. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí roboto dọ́gba ní ìhà gbogbo ń lo dígí tí agbára rẹ̀ pọ̀ ní ìhà kan ju ìhà kejì lọ, bí oníṣẹ́ bá sì fi irú dígí bẹ́ẹ̀ wọ́ nínú férémù, ìríran ẹni náà lè burú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Orí ìwé nìkan kọ́ ni a ti ń mọ èyí tí ó kàn, nítorí ọwọ́ ni ó wà fún. Dígí kọ̀ọ̀kan ní ojú àárín kan tí ó gbọ́dọ̀ bọ́ síwájú ọmọlójú gan-an, nítorí náà ni oníṣẹ́ ṣe ń wọn àlàfo tí ó wà láàárín ọmọlójú méjèèjì. Ìlànà tí Charles Prentice, oníṣẹ́ awò ojú kan ní New York, fi sílẹ̀ ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi bí àṣìṣe ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn: bí àlàfo ọmọlójú ẹnì kan bá jẹ́ mìlímítà 62, tí oníṣẹ́ sì gé awò rẹ̀ sí 67, tí agbára dígí méjèèjì jẹ́ 6, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọ ojú méjèèjì yóò yapa sí ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 3 nínú mítà kan. Nọ́ńbà tí dókítà kọ pé pérépéré, síbẹ̀ orí yóò máa fọ́ ẹni náà, ojú rẹ̀ yóò máa rẹ̀ ẹ́, ó sì lè gbà pé awò kò bá òun mu rárá. Awò onípele tí ó ń fúnni ní ìríran ọ̀kánkán lókè àti ti ìtòsí nísàlẹ̀ láìní ilà, irú èyí tí Bernard Maitenaz gbé jáde ní Faransé ní ọdún 1959 lábẹ́ orúkọ Varilux, tún béèrè pé kí a wọn bí ọmọlójú ṣe ga tó nínú férémù, nítorí bí ìwọ̀n yìí bá yẹ̀, ìhà tí ó yẹ kí ènìyàn fi kàwé kò ní sí níbi tí ojú rẹ̀ ń lọ.

Imú tún jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí Abidjan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ férémù tí ó ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a ṣe fún imú tí ògiri rẹ̀ ga tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé imú ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí fẹ̀ nídìí, òógùn sì ń jẹ́ kí awò máa yọ̀ sílẹ̀. Bí awò ẹni tí ó ń lo dígí alámì àyọkúrò tí agbára rẹ̀ jẹ́ 10 bá sún síwájú ní mìlímítà 10, agbára tí ó kù fún ojú rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí 9 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi ooru tẹ férémù, bí a ṣe ń pààrọ̀ ìtìmú tí awò fi ń sinmi lé imú, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ fún oníbàárà pé férémù tí ó yàn kò yẹ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fi ń ṣe dígí pẹ̀lú: pílásítíìkì tí a ń pè ní CR-39 fúyẹ́ tó nǹkan bí ìdajì dígí gidi, polycarbonate kì í sì í tètè fọ́, ìyẹn ni ó fi yẹ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń tètè ha bí a kò bá fi nǹkan bò ó.

Ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀gá àti òfin

Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọdún 1944 ni ó fi iṣẹ́ yìí sábẹ́ àkóso, ìwé ẹ̀rí tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ni BTS opticien-lunetier, tí a ń fi ọdún méjì kọ́ lẹ́yìn baccalauréat. Côte d'Ivoire gba baccalauréat àti BTS sínú ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀, nítorí náà ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí òbí ní Abidjan. Ìlú náà sì ní INFAS, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó ń kọ́ nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn, àti àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ní Treichville àti Cocody. Ní Bamako, ilé ìwòsàn ojú IOTA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1953, ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ ojú fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ń sọ Faransé. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1989 dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa forúkọ onímọ̀ ìwọ̀n ìríran àti oníṣẹ́ awò ojú sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọdún mẹ́fà ni a sì fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ìwọ̀n ìríran ní Yunifásítì Benin. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré fún ìdílé tí ọmọ wọn ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín Abidjan àti Èkó, nítorí ìwé ẹ̀rí ìlú kan kò fi dandan jẹ́ àṣẹ iṣẹ́ ní ìlú kejì.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a mójú tó. Èkíní, kí a má fi ìdánwò orí ìwé nìkan dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́jọ́; kí a ka iye awò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí a sì fi ẹ̀rọ tí ń ka agbára dígí yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Èkejì, kí a so ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Yorùbá mọ iyì ọ̀gá tí ó ń jẹ́ kí ọmọṣẹ́ wo iṣẹ́, kí ó dán an wò, kí a tún un ṣe níṣojú rẹ̀, kí ó tó gba òmìnira. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan kò lè kọ́ni ní ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé nìkan kò lè kọ́ ọwọ́ ní ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró lórí òkúta ìlọ̀, nítorí dígí tí a bá lọ̀ kọjá ààlà kò ṣe é dá padà. Ẹ̀kẹta, kí òfin dáàbò bo orúkọ iṣẹ́ náà, kí ó sì jẹ́ òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè yìí lè jọ mọ̀.

Ìkádìí

Kí ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣe tiwọn, agbára wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ra awò. Ẹni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù awò ní Adjamé tàbí ní Plateau ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá wọ́n wọn àlàfo ọmọlójú òun, láti sọ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka awò tí wọ́n ti ṣe tán níṣojú òun, kí wọ́n sì fi í wé ìwé dókítà, àti láti padà wá kí wọ́n tún férémù tẹ̀ bí ó bá ń yọ̀. Oníṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ dáadáa kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí ohun tí ó fi ọdún rẹ̀ kọ́ gan-an ni. Nígbà tí àwọn oníbàárà bá ń béèrè wọn lójoojúmọ́, ilé-ẹ̀kọ́ yóò mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tí ìlú ń fẹ́, òbí tí ó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ yóò sì mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí òun sanwó fún.