Kì Í Ṣe Gbogbo Ìrẹ̀wẹ̀sì Ni Oògùn Kan Náà Ń Wò

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ ní ìpàdé

Ìyálọ́jà ní kí n bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìlera. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ohun tó sì yé mi ni mo fẹ́ sọ ní èdè ọjà.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá dé bá. Lára wọn ni amitriptyline, lára wọn ni fluoxetine. Oògùn gidi ni wọ́n, wọ́n ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn dìde lórí ibùsùn padà sídìí ọjà. N ò wá síbí láti bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá lo oògùn yìí nìkan, ó lè yọ wọ́n nínú kòtò kó sì gbé wọn ka orí òrùlé.

Ta ni àwọn wọ̀nyẹn? Àwọn tó ní àìsàn tí dókítà ń pè ní bipolar ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bíi 40 mílíọ̀nù èèyàn ló ní in láyé ní ọdún 2019. Ojú méjì ni àìsàn náà ní. Ojú kan ni ìrẹ̀wẹ̀sì: èèyàn ò lè dìde, oúnjẹ ò wù ú, ẹkún ni ṣáá. Ojú kejì ni ara gbígbóná: kò sùn, ó ń sáré sọ̀rọ̀, ó ń náwó bí ẹni tó rí ìṣúra, ó sì ń bínú sí ẹni tó bá ní kó rọra. Ó lè pẹ́ láàárín ojú kan àti èkejì, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáká.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná kì í lọ sí ọsibítù, torí lójú tiẹ̀, ara òun ò tíì le tó báyìí rí. Ìgbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá dé ló máa ń lọ. Ojú kan ṣoṣo ni dókítà á rí, oògùn ojú kan náà ló sì máa fún un.

Pé oògùn lè gbé ọkàn èèyàn sókè, kì í ṣe òní la ti mọ̀ ọ́n. Ní 1952, wọ́n ń fún àwọn oníkọ́ ife ní ọsibítù Sea View ní New York ní oògùn kan tó ń jẹ́ iproniazid. Ikọ́ ni wọ́n fẹ́ wò, àfi bí inú àwọn aláìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, tí àwọn mìíràn ń jó. Láti ara irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí ọjà wa. Ká ní obìnrin kan ń ta aṣọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ṣí ìsọ̀. Ọmọ rẹ̀ bá a ra oògùn ní kẹ́mísìtì. Nígbà tó ṣe, ó padà dé. Gbogbo wa ń dúpẹ́, a ní oògùn ti ṣiṣẹ́. Àfi bó ṣe ń dé ọjà ní aago mẹ́ta òru. Ó gba ẹrù àwìn tí kò gbà rí, ó ń fi ankara ta èèyàn lọ́rẹ, ó ní òun fẹ́ ṣí ìsọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ara yíyá kọ́ nìyẹn mọ́. Oorun ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n: ẹni tí kò sùn lóru á rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n èyí ò sùn, kò sì rẹ̀ ẹ́.

Kí ni ká ṣe?

Èkíní, ẹ má ṣe dá oògùn ọkàn rà. Àwọn kan máa ń lo amitriptyline nítorí oorun tàbí ara ríro, àwọn náà ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀.

Èkejì, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Bí ara yín bá ti gbóná báyẹn rí, tàbí bí ó ti ṣe bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá yín rí, ẹ sọ ọ́, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, bí ara bá ti ń gbóná, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ mú páálí oògùn náà dání lọ sí ọsibítù. Dókítà ni kó sọ bí wọ́n ṣe máa dá a dúró. Ẹni tó bá sì ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Oògùn tó ń mú ọkàn dúró sójú kan wà. Lithium ni ọ̀kan, dókítà kan ní Australia, John Cade, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1949. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò, torí bó bá pọ̀ jù lára, májèlé ni. Àwa tá à ń jókòó sínú oòrùn, ká máa mu omi dáadáa, ká má sì da ibuprofen pọ̀ mọ́ ọn láìbéèrè. Èkejì ni valproate, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, kí obìnrin tó ṣì ń bímọ sọ fún dókítà. Bí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bá tiẹ̀ pọn dandan, irú àwọn oògùn wọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń fi tì í lẹ́yìn.

Yábàá ti ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti 1907. Ní Arò ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ẹbí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó, èèyàn ni aṣọ èèyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wà nínú irú ipò yìí, kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, kí alájọ má sì kó owó fún un láìpe ẹbí rẹ̀. Èyí tí a bá ti gbà, ká dá a padà. Ká má pè é ní wèrè, ká má sì gba ìsọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ó ń bọ̀ wá gbádùn, ó sì gbọ́dọ̀ bá àtẹ rẹ̀ níbi tó fi í sí.