Ìrántí Kọ̀ǹpútà: Báwo Ló Ṣe Gbọ́dọ̀ Pọ̀ Tó?

Bí kọ̀ǹpútà bá ń ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ló gbọ́dọ̀ rántí kó tó lè sọ pé wọ́n bá òfin mu?

Ẹ fojú inú wo adènà ibi ìnáwó, tó ń wo àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka lẹ́tà. Bóyá iye àlejò ṣeé pín sí méjì dọ́gba? Ìka kan tó ń nà, tó ń ká, ti tó. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ì báà wọlé, ìka kan náà ni. Bóyá ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba? Ó di dandan kó máa ka iye. Bóyá bí ọkùnrin àti obìnrin ṣe tò wọlé rí bákan náà láti iwájú àti láti ẹ̀yìn? Há à! Àfi kó rántí ìdajì wọn lẹ́sẹẹsẹ.

Àwọn àlejò kan náà ni, òfin ló pinnu ìrántí.

Ní 1965, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́ta, Stearns, Hartmanis àti Lewis, fi ohun ìyanu kan hàn nípa ìrántí yìí. Ìrántí tó ń dàgbà bí lẹ́tà ṣe ń pọ̀ sí i, àmọ́ tó lọ́ra ju ààlà kan lọ, kò lè ṣe ju èyí tí kò dàgbà rárá lọ.